Ma Kun Ibi Iwe Yen O

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní orúkọ, ṣùgbọ́n ládùúgbò wa, ẹ lè fi orúkọ náà wá a títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro yín, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ìyá Àjákù ni kí ẹ béèrè. Kò sí àjákù tó bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ tí kì í gbé: àjákù aṣọ, àjákù ìwé, àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti da inú rẹ̀ tán, bọ́tìnì tí ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó dànù. Yóò kó gbogbo rẹ̀ wálé, yóò gé e, yóò tò ó, yóò fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Bí ẹ bá padà débẹ̀, ojú ènìyàn ni ẹ máa bá níbẹ̀ tó ń wò yín, tàbí òpópónà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Èmi ni àbúrò rẹ̀, èmi náà ni kápẹ́ńtà tó ń gé pákó fún un. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti yàrá iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà ni mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Àbúrò, bá mi fá etí pákó yìí kó dán." Kò ní béèrè bóyá ọwọ́ mi dí. Bí mo bá ráhùn, yóò ní ṣé kì í ṣe òun ló pọ̀n mí ni. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó pọ̀n ọ́ jiyàn?

Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kì í bẹ̀rù rárá. Yóò máa kọrin, yóò máa bú mi, yóò máa gé ìwé bí ẹni pé ìwé ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni àyà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nígbà tí ẹlòmíràn yóò bá jókòó kí ó sinmi, òun yóò fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, yóò máa ṣọ́ ọ bí ìyá ṣe ń ṣọ́ ọmọ tí ibà ń ṣe. Eruku ńkọ́? Kòkòrò tó ń jẹ ìwé ńkọ́? Oòrùn tó ń gba àwọ̀ lára aṣọ ńkọ́? Ọwọ́ àwọn ọmọdé tí wọn kò lè rí bọ́tìnì kí wọ́n má fà á ńkọ́? Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ tí a lẹ̀ tí a kò bò, ìhòòhò ló wà. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kun fáníìṣì lé e lórí, iwájú àti ẹ̀yìn, kí omi àti afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n fáníìṣì gan-an tún ni ẹ̀rù rẹ̀ tó tóbi jù, nítorí pé bí ó bá ti lọ sórí iṣẹ́, kò ṣeé dá padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Màmá wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Aránṣọ ni Màmá. Lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àjákù, kí ó tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú, bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí aṣọ ń fẹ́ kí a ti gé òun, bí a ṣe ń tò ó kí àwọ̀ má baà bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n Màmá kò lọ sílé ìwé. Ìgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà, tó ń gbé báàgì lọ gbé báàgì bọ̀ bí ọmọ kékeré.

Olùkọ́ wọn níbẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣeré. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ni, ẹni tó bá wù ú ló ń gbabẹ̀ wọlé. Màmá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bí olùkọ́ tó sọ ọ́ ṣe gbà á gbọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí pátákó tó wà lójú ọ̀nà tí Màmá kò ní dúró níwájú rẹ̀. "Àmì rẹ̀ dà?" Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn rẹ̀: "Àmì rẹ̀ dà?" Nígbà kan, wọ́n mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá fún un, kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó ń ṣègbéyàwó. "Ẹ bá mi kí wọn o. Àmì rẹ̀ dà?" Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ọ́ ní Ìyá Àmì, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, olùkọ́ ní kí olúkúlùkù wọn kọ gbólóhùn kan láti inú orí ara rẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lójú pátákó. Kálàmù aláwọ̀ búlúù ni Màmá fi kọ tirẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, àmì rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pé: *Èmi ni mo kọ ọ́.* Ó gbé ìwé náà wálé bí ẹni gbé ẹyin. Kò sí àlejò tó wọlé wa lásìkò náà tí kò kà á.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà ilé, lẹ́yìn náà ojú wa pàápàá láwọn ọjọ́ mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lọ sí kíláàsì mọ́, kò sì tún kọ nǹkan kan mọ́. Ìwé yẹn nìkan ló wà láyé tí Màmá wa fi ọwọ́ kọ láti inú orí ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sì kù tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni "Àmì rẹ̀ dà?" Ó ń béèrè é lọ́wọ́ ife tíì. Ó ń béèrè é lọ́wọ́ bàtà. A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dùn.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa lẹ Màmá.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn: "Mo máa lẹ Màmá." Ó lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó gé gèlè rẹ̀ láti ara àwọn aṣọ tí Màmá fúnra rẹ̀ ti rán rí, ó fi òwú dúdú àti funfun ṣe irun tó yọ nídìí gèlè, ó fi téèpù ìwọnṣọ gidi kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi bọ́tìnì to gbogbo etí ẹ̀wù. Ẹ̀rọ ìránṣọ, àpò sìmẹ́ńtì tó fi yíǹkì pa dúdú ni. Níbi tó yẹ kí aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìwé Màmá ló fi síbẹ̀. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé gbólóhùn yẹn ni Màmá ń rán.

Mo bínú nígbà tí mo rí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé yẹn gan-an? Fọ́tòkọ́pì ńkọ́?"

Ó ní, "Fọ́tòkọ́pì ò mọ Màmá rí."

"Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

Ó ti lẹ̀ ẹ́ tán kí n tó dé, ìbéèrè mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé àyà.

Alábòójútó ilé ìkàwé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wá wo iṣẹ́ náà, ó ní òun fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Gíláàsì kò ṣeé fi bò ó, nítorí bọ́tìnì àti aṣọ yọ gọ̀ǹgọ̀ jáde lára rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi rí i dájú pé ó bò ó dáadáa, torí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, òjò ń fẹ́ wọlé, ọwọ́ ọmọdé ń kan ògiri. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa kùn ún ni wọ́n máa wá gbé e. A sì máa mú Màmá lọ wò ó níbi tí wọ́n bá gbé e kọ́ sí, kí ọjọ́ tó máa wo ara rẹ̀ tí kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́ tó dé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá sáré gan-an nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa kùn ún, ó ti fèrèsé pa, ó pa fáànù, ó fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ kí eruku má baà dìde. Ó ní kí n má ṣe fá pákó lódìkejì ògiri. Ìyẹn ni pé èmi náà kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ nígun yàrá, a ń wò ó. Ó tẹ́ iṣẹ́ náà lélẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ègé igi gbé e sókè díẹ̀ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi gbogbo lára rẹ̀. Ibi tó bá tutù sí ẹ̀yìn ọwọ́ kò tíì gbẹ nínú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ gbẹ tó. Bó bá kun fáníìṣì lé irú ibẹ̀, ọ̀rinrin náà yóò há sínú, yóò máa wú bí ìléròrò ibi tí iná jó.

Mo ní, "Fáníìṣì mi wà lọ́hùn-ún, èyí tí mo fi ń kun àga. Kì í gbó."

Ó yíjú sí mi. "Fáníìṣì àga ni kí n fi kun Màmá? Kí ojú wọn wá pọ́n bí eyín amutábà?"

Màmá rẹ́rìn-ín. A kò mọ ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Fáníìṣì olómi ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, èyí tó máa ń funfun bíi wàrà nígbà tó bá tutù, tí yóò sì mọ́ gaara bó bá gbẹ. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Gèlè. Irun. Ojú. Kò kọrin. Kò bú mi. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì kan bá já sára iṣẹ́, yóò mú abẹ́rẹ́ yọ ọ́, yóò mí kanlẹ̀, yóò tún máa lọ. Eṣinṣin kan wọlé láti ibi tí a kò mọ̀, gbogbo wa dìde àfi Màmá. Mo fi fìlà mi lé e yíká yàrá títí mo fi pa á. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé èmi náà ń làágùn.

Nígbà tó dé ibi ìwé, ó dúró.

Ó ní, "Yíǹkì kálàmù."

"Kí ló ṣe é?"

"Omi wà nínú fáníìṣì yìí. Mi ò mọ̀ bóyá yíǹkì yẹn máa dúró."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ṣé ìsinsìnyí ló yẹ kí ènìyàn rántí ìyẹn? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti funfun, mi ò lè sọ ọ́ jáde. Kò sì lè dúró pẹ́. Bí fáníìṣì ibi tó ti kùn bá gbẹ kí ó tó kun èyí tó kù, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò hàn bí àpá, títí láé.

Ó pe Ọ̀gá rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ni Ọ̀gá, òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ àlẹ̀mọ́, kò sí ohun tí gọ́ọ̀mù àti ìwé lè ṣe tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbé e. Ó wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: pé òun ti dé ibi ìwé Màmá, kálàmù búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣé kí òun máa kùn ún lọ?

A dúró. Mo ń wo fóònù, ó ń wo etí fáníìṣì tó ń gbẹ. Wàrà náà ti ń mọ́ gaara láti òkè wá sísàlẹ̀. "Ó ń gbẹ," ó ní. "Ó ń gbẹ, Àbúrò." Kí ni kí n ṣe sí i? Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i ni? Ara mi kò lélẹ̀, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Fóònù dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé. Mo yọjú wò ó lẹ́yìn rẹ̀, báyìí ló sì rí:

*Ma kun ibi iwe yen o. A o soro.*

Ẹ̀gbọ́n mi mí. "Máa kun ibi ìwé yẹn o. A ó sọ̀rọ̀." Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Ọ̀gá ní kí n máa kùn ún."

Màmá gbé orí sókè níbi tó jókòó sí. "Àmì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Mà, fóònù kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀."

"Fóònù kì í fi sí i. Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì ti ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú fáníìṣì. Màmá yíjú sí ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi òun náà léèrè pé àmì rẹ̀ dà. A kò ka ti ife sí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ka ti ìṣáájú sí.

Ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà apá ọ̀tún ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gbólóhùn náà parí sí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan án báyìí, bí ẹni ń kan ojú ọmọ tó sùn. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà wàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àmì tó wà lórí *ọ́* tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ. Ó tú, ó fẹ̀, ó di ẹ̀kán kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sísàlẹ̀ lọ bá lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo fa aṣọ gbígbẹ tó wà léjìká mi fún un, ó fi etí aṣọ náà gbé omi náà sókè, kò nù ún, ó ń gbé e ni, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ká ọwọ́ kúrò, lẹ́tà *ọ* ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó wà. Àmì orí rẹ̀ ti lọ pátápátá. Àbàwọ́n búlúù ló kù níbẹ̀, ó tàn yí lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ká bí òjìji.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo ti pa á." Mo ní kò pa á. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ láyé wọn, mo fi omi fọ̀ ọ́." Mo jókòó tì í.

Báyìí ni Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé, tó ń mí hẹlẹ. Wọ́n ti fi bándéèjì bo ojú rẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn ojú ló ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni wọn kò ti jẹ́ kí ó gbé fóònù, ojú kan tó kù ló sì fi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì nílẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀.

"O ti kùn ún? Ṣé mi ò ní o MÁ kùn ún ni?"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n máa kùn ún!"

"Mo ní má kun ibi ìwé yẹn o! Bí mo bá fẹ́ kí o máa kùn ún, kí ni mo fẹ́ fi 'o' ṣe níparí rẹ̀?"

"Ẹ sì ní a ó sọ̀rọ̀!"

"Ṣé a ò ń sọ̀rọ̀ báyìí ni?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín títí n óò fi subú. Ènìyàn méjì tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sọ èdè kan náà, lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi dojú iṣẹ́ dé. Mo wo Màmá níbi tó jókòó sí. Ojú tì mí.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó gbé ojú rẹ̀ tó ṣí súnmọ́ ìwé náà. Ó ní yíǹkì tó kù kò tíì kúrò níbẹ̀, kò sì ní kúrò bí omi kò bá tún kàn án. Ó yọ agolo kan nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí a ń tẹ̀ lórí tí yóò máa fọ́n jáde bí ìkùukùu. Kò sí omi nínú tirẹ̀, kí yíǹkì sì tó mọ̀ pé ó dé, ó ti gbẹ. "Ibi tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́," ó ní. "Èyí tó kù la fẹ́ dè mọ́lẹ̀. Dìde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo mọ òwe mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, ti kòkòrò tó bà síbi tí kò ṣeé gbá, ṣùgbọ́n Màmá wà níbẹ̀.

A kò mọ ìgbà tí Màmá dìde lórí àga. Nígbà tí a máa fi wẹ̀yìn, ó ti dúró ti tábìlì, ó fi ìka lé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà láì kàn án, ó ń kà á bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì.

"Èmi... ni... mo..." Ìka rẹ̀ dé orí àbàwọ́n, ó dúró. "Àmì rẹ̀ dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. "Màmá, mo ti ba á jẹ́. Èmi ni mo ba á jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Màmá kò dárí jì í, kò sì bá a wí. Ó yíjú sí mi, ó na ọwọ́, ó sì fa pẹ́ńsù tí mo máa ń fi sẹ́yìn etí yọ, pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó. Ó kọjú sí iṣẹ́ náà.

Gbogbo wa dìde sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n, ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kì í gbé ife dé ẹnu kí ó má dà sílẹ̀. Bí pẹ́ńsù yẹn bá yọ̀, yóò fa ìwé tó ti rọ̀ náà ya. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ láti gbá ọwọ́ Màmá mú, Ọ̀gá gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. "Fi wọ́n sílẹ̀," ó sọ ọ́ lábẹ́ ohùn. "Pẹ́ńsù kì í tú. Fi wọ́n sílẹ̀."

Ẹnu pẹ́ńsù ń gbọ̀n lórí ìwé náà. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Mo fẹ́ dijú, mi ò lè dijú. Lẹ́yìn náà Màmá di ètè pọ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó fa ìlà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ìwé náà kò ya.

Kò fi ìlà náà sí orí *ọ* tó gbẹ̀yìn, níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ ló fi í lé lórí.

Mo ya ẹnu láti sọ pé Màmá, ibẹ̀ kọ́ o. Ọ̀gá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ mí dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, omijé ń bọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbà á kí ó má baà kán sórí iṣẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mà, kí lẹ kọ?"

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n kà ni? Kà á."

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Màmá fi pẹ́ńsù náà padà sẹ́yìn etí mi. "Fi nǹkan bò ó, kí ó má baà parẹ́."

Ọ̀gá fọ́n ọn. Ó dúró jìnnà sí i, ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó mú un kọjá lórí ìwé bí èémí, ó sì dá ọwọ́ dúró kí ó gbẹ. A ń wo búlúù náà bóyá yóò rìn. Kò rìn. Ó tún fọ́n ọn, a tún dúró, kò rìn. Ìgbà tó gbẹ tó sì tún gbẹ sí i ni ẹ̀gbọ́n mi tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan án. Àpá wà níbi tí fáníìṣì ti pàdé, bó ṣe bẹ̀rù. Àbàwọ́n búlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé òjìji ẹ̀rọ ìránṣọ ni.

Àwa ọmọ méjèèjì ti jiyàn lé e lórí títí. Èmi ní ọwọ́ Màmá ló yọ̀, pé ẹni tí kò mọ̀ bóyá òwúrọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbèrò irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi yóò kàn máa gé ìwé rẹ̀ lọ, yóò di sísọ́ọ̀sì mú bí Màmá ṣe ń di tirẹ̀ mú.

Wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. A wọ Màmá ní aṣọ tó dára, a mú un lọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ Màmá mú, mo sì rí i pé ètè ẹ̀gbọ́n mi ń mì, pé ó ń gbàdúrà. Màmá dúró níwájú iṣẹ́ náà. Ó wo gèlè, ó wo téèpù, ó wo ojú obìnrin tó wà níbẹ̀.

"Ta nìyí?" ó béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi tún etí aṣọ Màmá ṣe. "Ìyá kan ni, Mà. Wọ́n ń ránṣọ."

Màmá sì mi orí. Ó súnmọ́ ọn, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tẹ̀lé gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Àmì rẹ̀ pé," ó ní.